Tí Gbogbo Ọjọ́ Bá Ti Jọra Wọn: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Fi Eré Ìdárayá, Hóbì àti Ìrìn-àjò Mú Ayé Yín Dùn

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan bi mí pé kí ni mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìbéèrè ìkíni lásán ni o, èyí táwọn èèyàn máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gidi, àmọ́ ṣe ni ẹnu mi wọhò. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Nǹkan burúkú kan ò kúkú ṣe mí, iṣẹ́ ń lọ, ara le, mi ò jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí n ya ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára Ọjọ́bọ̀ ẹ̀, mi ò lè yà á. Mo jí, mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, mo gbé fóònù, mo sùn, ilẹ̀ mọ́, mo tún jí. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Kí n yáa sọ èyí ná kí n tó tẹ̀ síwájú: tó bá jẹ́ pé ẹ ò rí oorun sùn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, tàbí tí ọkàn yín ń sọ fún yín pé ikú á dáa ju báyìí lọ, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àti hóbì, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan tó sún mọ́ yín lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáká tí ayé ẹ̀ kàn ń wọ́ bí ìgbín ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Ìmọ̀ràn náà ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ṣeré ìdárayá, ẹ wá hóbì kan, ẹ máa rìnrìn àjò. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń dàrú ni pé àwa máa ń gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹrù mẹ́ta tí ò mọra, a máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kìíní ọdún ló sì sábà máa ń jẹ́, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta a ti sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo so wọ́n mọ́ra, mo jẹ́ kí ọ̀kan máa fa ìkejì lọ́wọ́. Ìrìn-àjò tó wà níwájú ló ń jẹ́ kí n mọ ìdí tí mo fi ń rìn lójoojúmọ́, àwòrán tí mò ń yà ló ń jẹ́ kí ojú mi ríran tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ, ara tó le ló sì jẹ́ kí n lè jókòó yàwòrán lálẹ́ dípò kí n máa tòògbé lórí àga.

Ẹ wo ibi tí wákàtí yín ń gbà lọ

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá fi 56 sùn, tẹ́ ẹ fi 50 ṣiṣẹ́ àti ọ̀nà iṣẹ́, ó ṣì ku 62. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ tàbí tó ń tọ́jú òbí ò ní gbà fún mi pé 62 kan wà níbì kankan, ó sì lè jàre, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ná: ẹ mú ìwé pélébé kan, fún ọjọ́ méje, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ sùn, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe. Ẹ tún lọ síbi tí fóònù yín ti ń ka iye wákàtí tẹ́ ẹ lò lórí ẹ̀. Tèmi lé ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, mi ò sì lè rántí nǹkan kan tí mo rí níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju fóònù nù o. Wákàtí mẹ́rin péré ni mo ń tọrọ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, méjì ààbọ̀ fún ara, ọ̀kan ààbọ̀ fún ọwọ́, ìyẹn hóbì. Ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i yọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kàn ní "màá máa wá àyè", àyè yẹn ò ní wá.

Ara lákọ̀ọ́kọ́

Ìdí tí mo fi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ni pé òun ni ò gba owó, òun náà ló sì ń tètè dáni lóhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí ò le jù, kó sì ya ọjọ́ 2 ó kéré tán sọ́tọ̀ fún ohun tó ń mú iṣan lágbára. 150 yẹn máa ń dẹ́rù bani títí tẹ́ ẹ máa fi pín in: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún, ó parí. Ẹ lè fi rìn. Ẹ ò nílò nǹkan míì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn yẹn tó? Ẹ máa rìn débi pé ẹ ṣì lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ àmọ́ ẹ ò ní lè kọrin. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí orin kọ, ẹ yára sí i. Tẹ́ ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́ ò lè parí gbólóhùn kan, ẹ rọra. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣísẹ̀ 10,000 tí wọ́n máa ń ní kéèyàn rìn lójúmọ́ dá yín lágara, nọ́ńbà yẹn ò tiẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ dókítà kankan, ní ilẹ̀ Jàpáànù ní 1965 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ ní manpo-kei, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ 10,000, orúkọ ọjà ló wá dòfin mọ́ aráyé lọ́wọ́. Ẹni tó ń rin 2,000 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ń rin 5,000 báyìí ti ṣe bẹbẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan.

Èmi ò kọ́kọ́ rin ní tèmi o, eré ni mo fẹ́ sá. Mo sá a fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi, mo tún sá a lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin orúnkún ọ̀tún mi ti wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rọra gun àtẹ̀gùn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ló ń le koko. Nígbà tó san, ọ̀nà tí mo wá tọ̀ ni èyí tí ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, gbé kalẹ̀ ní 1996 tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, ìyẹn láti orí àga dé eré kìlómítà 5, ọ̀sẹ̀ 9 ni, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ ó rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 5 kí ara kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà ẹ ó rọra sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ ó rìn fún 90, ẹ ó sì máa pààrọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ìyẹn nìkan. Bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni eré á máa gùn sí i tí ìrìn á máa dín kù, títí tẹ́ ẹ máa fi lè sá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá le jù, ẹ tún un ṣe, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tí àyà máa ń dùn, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó sáré ìṣísẹ̀ kan.

Ní ti iṣan, ẹ má wulẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kankan ní báyìí. Àga kan ti tó. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ gbọ́wọ́ lé ògiri, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ tẹ àyà síwájú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹ ti ara yín padà, ìgbà mẹ́wàá náà. Ara á máa ro yín lọ́jọ́ kejì, ó tiẹ̀ lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, á lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ ìrora tó bá ń gún bí abẹ́rẹ́, tó sì wà lójú kan ní oríkèé, ẹ dúró níbẹ̀.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù sí mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ara yìí ni bó ṣe máa di bárakú. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde ní 2010, èèyàn 96 ni wọ́n ní kí wọ́n mú nǹkan kékeré kan tí wọ́n á máa ṣe lójoojúmọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n wá ń wo ìgbà tó máa di ohun tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀ láìronú. Bíi ọjọ́ 66 ló gbà ní ìpíndọ́gba, ẹni tó yá jù lọ lo ọjọ́ 18, àwọn kan sì wà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ pé tiwọn á tó ọjọ́ 254. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ kiri pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń di bárakú ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó tù mí nínú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, ó kàn ń bá a lọ lọ́jọ́ kejì.

Bí mo ṣe so tèmi mọ́ nìyí: bàtà kánfáàsì mi máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, mo ti tú okùn ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kí ẹsẹ̀ lè wọlé fìrì, orí bàtà kọjú síta. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́ ni mò ń ki ẹsẹ̀ bọ ìyẹn, báàgì ṣì máa ń wà léjìká mi nígbà míì. Mi ò ní fìdí kan àga. Tí ìdí bá ti lè kan àga, ọjọ́ yẹn ti lọ.

Ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan

Ọ̀pọ̀ yín á ti máa sọ nísinsìnyí pé "èmi ò ní ẹ̀bùn kankan". Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Ní 2016 àwọn olùwádìí kan ní Drexel University ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 39 jọ, wọ́n kó amọ̀, bébà àti bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 45 ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Wọ́n yẹ itọ́ ẹnu wọn wò ṣáájú, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. Bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni cortisol, ìyẹn kẹ́míkà tí ara máa ń tú síta tí wàhálà bá dé, lọ sílẹ̀ lára wọn, àtẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àtẹni tí ò ṣe é rí. Àǹfààní ẹ̀ ò dúró de ẹ̀bùn.

Tẹ́ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ padà sígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Kí lẹ máa ń ṣe tí wọ́n á pè yín títí tẹ́ ò ní gbọ́? Àwọn kan máa ń tú rédíò, àwọn kan máa ń fi ẹnu dárà bí ìlù, àwọn kan máa ń kó ewé àti òkúta jọ, àwọn kan máa ń sọ ìtàn fún bèbí wọn. Ohun yẹn ṣì wà nínú yín níbì kan. Tèmi ni pé mo máa ń yàwòrán sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, wọ́n sì máa ń bá mi wí nítorí ẹ̀, mo jáwọ́ nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, mi ò sì tún fọwọ́ kan pẹ́ńsù fún àwòrán fún ọdún tó lé ní ogún.

Nǹkan méjì péré ni mo máa ń sọ fáwọn tó bá bi mí. Àkọ́kọ́, kí ohun tẹ́ ẹ mú jẹ́ èyí tí nǹkan kan máa jáde níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn tàbí tẹ́ ẹ lè fetí gbọ́. Wíwo fídíò àwọn tó ń ránṣọ kì í ṣe aṣọ rírán, bó ti wù kó dùn tó. Ìkejì, ẹ má sọ ọ́ dòwò. Èyí le púpọ̀ torí bẹ́ ẹ bá ti ń mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀ báyìí làwọn èèyàn á ti máa sọ pé "o ò ṣe kúkú máa tà á?", ire yín ni wọ́n ń wá, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba owó oníbàárà àkọ́kọ́ ni hóbì yẹn di iṣẹ́ kejì, ẹni tó sì ń wá ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ fa òmíràn. Tó bá pé ọdún méjì tó ṣì ń wù yín láti tà á, ó dọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ hàn yín. Ẹ gbé ife kan síwájú yín, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù lé bébà, láti ìgbà yẹn lọ ẹ ò gbọ́dọ̀ wo bébà mọ́, ife nìkan lẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa rìn létí ife yẹn bí èèrà, díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ sì máa bá ojú rìn lórí bébà, kí ọ̀kan má yá ju ìkejì lọ. Tí ojú bá dé ibi tí ife ti tẹ̀, kí ọwọ́ náà tẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tẹ́ ẹ máa bá lórí bébà á wọ́, ẹnu ife lè wà lókè kí ìdí ẹ̀ wà ní ìkángun bébà, ẹ má pa á rẹ́, ẹ kọ déètì sí i. Ife tí mo lò lọ́jọ́ yẹn, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń mu omi nínú ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ẹnu ẹ̀ ò ṣe róbótó, ó tẹ̀ díẹ̀ lápá òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé. Mo jókòó, mo ń wo ife. Ó ti pẹ́ tí mo ti wo nǹkan kan báyẹn.

Tó bá jẹ́ gìtá lẹ mú, ẹ kọ́ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn títí ìka á fi mọ̀nà fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò, ẹ mú ohun kan ṣoṣo fún oṣù kan, ilẹ̀kùn nìkan tàbí òjìji nìkan. Tó bá jẹ́ ìwé kíkọ, ìlà márùn-ún lálẹ́. Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tówó ẹ̀ pọ̀ tẹ́ ẹ bá lọ rà lónìí, ẹ̀rù á máa bà yín láti bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ bíbàjẹ́ gan-an la fi ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rò pé ọjọ́ ti lọ: Anna Mary Robertson Moses tí wọ́n ń pè ní Grandma Moses, oko ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń fi najú, nígbà tí àrùn oríkèé ò jẹ́ kó lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́ ló gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ó kú ní 1961 lẹ́ni ọdún 101, aráyé ti mọ àwòrán ẹ̀ bí ẹní mowó. Winston Churchill, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní 1915, lẹ́yìn tí ogun Dardanelles ní Tọ́kì, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, forí ṣánpọ́n tí wọ́n yọ ọ́ nípò, ìbànújẹ́ dorí ẹ̀ kodò, ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ kun àwòrán, kò sì jáwọ́ nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, àní lẹ́yìn tó ti di olórí ìjọba.

Ìrìn-àjò

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, béèyàn bá rìn jìnnà á rí abuké erin. Mo gbà. Àmọ́ jíjìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú nìkan.

Ìwádìí kan wà tó yí ọ̀nà tí mò ń gbà rìnrìn àjò padà. Jeroen Nawijn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe é ní Netherlands, ó jáde ní 2010, èèyàn 1,530 ni wọ́n bi léèrè. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń múra ìrìn-àjò ìsinmi ń láyọ̀ ju àwọn tí ò ní lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n ṣáájú ìrìn-àjò ni ayọ̀ yẹn wà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé, àfi àwọn tó sọ pé ìsinmi náà tu àwọn lára gan-an ni. Ẹ ronú sí i. Tó bá jẹ́ ìrètí ló ń dùn jù, a jẹ́ pé ìrìn-àjò kéékèèké mẹ́rin lọ́dún máa fún yín ní ìrètí mẹ́rin, nígbà tí èyí ńlá kan tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó sí máa fún yín ní ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá sì lọ sáré ká ìlú márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ kan, àárẹ̀ lẹ máa kó bọ̀ wálé.

Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè tẹ́ ò wọ̀ rí, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tẹ́ ẹ kàn máa ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ yàwòrán nǹkan kan tàbí kẹ́ ẹ kọ ìlà márùn-ún yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ máa sùn mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ò lówó, tàbí tí ò lè fi aláìsàn sílẹ̀ nílé, àdúgbò tí ò dé rí nínú ìlú ẹ̀ tó o, mo ti ṣe é nígbà tí nǹkan ò rọgbọ, wákàtí kan ààbọ̀ ni, mo sì ṣì rántí gbogbo ẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ dá lọ ni àbí kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání? Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ kan, jáde ní ìlú Tangier ní Mòrókò ní 1325, ọmọ ọdún 21 ni, òun nìkan, kò rí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kankan bá lọ, ó sì sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ó dun òun púpọ̀ láti fi àwọn òbí òun sílẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi rìn. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí àyà mi bá ń já ní ibùdókọ̀. Tẹ́ ẹ bá dá lọ, ẹ máa tètè bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ sì máa jókòó níbi tó wù yín pẹ́ títí, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ méjì ẹ máa rẹ́ni sọ ọ́ fún lálẹ́. Èmi máa ń dá lọ ibi tó sún mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ṣá: kí ẹnì kan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn àti ìgbà tẹ́ ẹ máa padà, kẹ́ ẹ sì ṣètò láti débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ìwé o, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé tí páspọ́ọ̀tù yín ò bá ní oṣù 6 sí i kó tó kú. Mi ò mọ̀. Mo dé iwájú káńtà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, báàgì, ìwé àwòrán tuntun, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣí páspọ́ọ̀tù mi, ó fi ìka lé déètì kan, ó rọra gbé e padà fún mi: oṣù mẹ́rin ló kù. Mo wọkọ̀ padà sílé tòun ti ẹrù. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 tẹ́ ẹ ti gbà á kẹ́ ẹ tó débẹ̀, láti 2016 sì ni ẹyọ kan ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ibì kan lọ́jọ́ kan ti tó. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó gbé fóònù ya fọ́tò. Nínú rélùwéè kan, mo yàwòrán ọwọ́ bàbá àgbà kan tó jókòó sí ọ̀ọ́kán mi tó ń sùn, ọwọ́ lé orí ọ̀pá, iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ yọ bí gbòǹgbò, èékánná àtàǹpàkò kan ti dúdú. Fọ́tò tí mo yà ní ìrìn-àjò yẹn lé ní igba, mi ò wò wọ́n mọ́. Ọwọ́ yẹn, tí mo bá pajú dé báyìí mo rí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa so wọ́n pọ̀

Ẹ gba oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrìn nìkan, ẹ má fi nǹkan kan kún un bó ti wù kó máa gùn yín tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀sẹ̀ 9 yẹn tí orúnkún bá gbà, tí kò bá gbà ẹ máa rìn lọ, kẹ́ ẹ wá mú alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ fún hóbì, ìṣẹ́jú 45 ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ mú déètì ìrìn-àjò, ẹ kọ ọ́ síbi tójú yín ti máa ń rí i lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni ìrètí tí mo sọ yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ẹ wá ọ̀nà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó lókìkí jù ni Camino de Santiago ní Sípéènì, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ó kéré tán 100 kìlómítà dé ìlú Santiago máa ń gba ìwé ẹ̀rí, àwọn púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Sarria, wọ́n sì máa ń lo ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Mi ò tíì lọ. Òun ni mò ń rìn fún báyìí, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń rin èyí tó gùn, 15 kìlómítà ni mo dé, pẹ̀lú báàgì tí mo ti kó ìwé sínú ẹ̀ kó lè wúwo.

Ó máa dáwọ́ dúró nígbà kan, kẹ́ ẹ ti mọ̀. Àìsàn lè dé, iṣẹ́ lè pọ̀, òkú lè ṣẹlẹ̀, ẹ ó kàn rí i pé oṣù kan ti lọ tẹ́ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má wá ọ̀nà láti san gbèsè ọjọ́ tó lọ, ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń fara pa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ibi tẹ́ ẹ dé: ẹni tó ń sáré ogún ìṣẹ́jú, kó padà sí mẹ́wàá, ẹni tó ń yàwòrán, kó gbé ife kan síwájú. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé bàtà padà sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú ẹ̀.